Àmì Dọ́gba Inú Ìwé Pupa: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Jọra

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ìlọrin, nítòsí Post Office. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, àti jẹnẹrétọ̀ tó máa ń bo ohùn àwọn oníbàárà mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá múná lọ. Àwọn kan máa ń kó ìwé wá kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń gbé wá, ní Yorùbá. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ bá mi sọ ọ́ di òyìnbó."

Mo ń kọ ìrírí yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì fún ìyá tàbí bàbá tí kò lè kà á. Nígbà tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ yàn, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé mi ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé.

Òmù-Àrán ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti múra ìdánwò JAMB. Use of English ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, torí pé dandan ni fún ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, iṣẹ́ yòówù kó fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní lẹ́sìn máa ń to ọ̀rọ̀ sójú pátákó, á fi àmì dọ́gba sáàárín wọn bí ẹni ń ṣe ìṣirò: "famous = popular = renowned = notorious". Ìlà mìíràn: "thrifty = frugal = economical = miserly = stingy". Òmíràn: "ask = request = demand". Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé kan tó ní èèpo ẹ̀yìn pupa. Mo máa ń ké e láàárọ̀ kí n tó lọ pọnmi, bí ọmọ ilé-kéwú ṣe ń ké ohun tó wà lára wàláà rẹ̀. Mo yege ìdánwò náà. Mo pa ìwé pupa mọ́, mo gbé e wá sí Ìlọrin nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo fi ń ṣiṣẹ́.

Lónìí ni mo tó rí i pé ìwé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kò tàn wá jẹ. "Nearest in meaning" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn èyí tó súnmọ́ ọn jù lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ tèmi jù lọ, aládùúgbò mi ni. Kò lè wọ yàrá mi sùn, kó sì máa jẹ́ orúkọ mi. Àwa la fi àmì dọ́gba sí i.

Ní ọdún 2017, ọkùnrin kan láti Òmù-Àrán wá bá mi. Ìyá wọn ti jáde láyé, òun sì ni àkọ́bí. Nítorí pé ọmọ ìlú kan náà ni wá, èmi ló fẹ́ kí n tẹ ìwé ètò ìsìnkú, kí n sì bá wọn kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá náà. Èlùbọ́ ni màmá tà. Ó sọ fún mi bí ìyá wọn ṣe máa ń wọ aṣọ kan náà lọ sọ́jà kí owó ilé-ẹ̀kọ́ lè pé, bó ṣe ń pín ẹja kan sí márùn-ún, tí kò ní jẹ nínú rẹ̀. "Ìyá wa máa ń ṣọ́wó ná," ló wí. "Bó ṣe fi èlùbọ́ rán wa níwèé nìyẹn. Gbogbo ọjà ló sì mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kó dùn lóyìnbó bó ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé màmá jẹ́ "thrifty", ó sì tọ̀nà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tún kàn mí nínú ìpínrọ̀ kejì, mi ò fẹ́ tún un lò, torí wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà lò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Mo ṣí ìwé pupa. Mo mú "miserly". Níbi tó ti kan òótọ́ tí gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí, mo kọ "notorious for her honesty". Mo kà á fún ọkùnrin náà, ó mi orí, ó ní ó dára. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni mo tẹ̀ fún un, aláwọ̀ mèremère, pẹ̀lú fọ́tò màmá níwájú.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni fóònù mi dún. Mo ń gbọ́ orin àìsùn lẹ́yìn ohùn ẹni tó pè mí. Ọmọ màmá kejì ni, nọ́ọ̀sì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìrìn àjò. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí pé, "Àǹtí, kí ni ìyá mi fi ṣe yín?"

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó wá là á fún mi ní Yorùbá: "Ẹ kọ ọ́ síbí pé ahun ni ìyá mi. Ẹ tún ní òkìkí rẹ̀ kàn bí òkìkí gbájúẹ̀ ṣe ń kàn."

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ojú ń tì mí jù láti sọ. Mo bá a jiyàn. Mo ní ọ̀kan náà ni wọ́n, mà, ó wà nínú ìwé mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ wo inú dikíṣọ́nárì," ó sì pa fóònù.

Mo wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà. Iwájú "miserly" ni wọ́n kọ "disapproving" sí, ìyẹn ni pé ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ yìí ń fi hàn pé ohun tí òun ń sọ kò dára lójú òun. Iwájú "thrifty" ni wọ́n kọ "approving" sí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kì í náwó. "Thrifty" ń gbé e gẹ̀gẹ̀, "miserly" ń pẹ̀gàn rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti ra dikíṣọ́nárì yẹn, mi ò mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà níwájú ìtumọ̀ wúlò fún ohunkóhun. Mo máa ń fò wọ́n ni.

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé mo wọ mọ́tò, a gba Ajàṣẹ́-Ìpo, a gba Orò, mo dé Òmù-Àrán kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo kó owó iṣẹ́ tí mo gbà dání. Nígbà tí mo wọ ọgbà ilé náà, mo rí àwọn ọmọ màmá lórí ẹní, aṣọ òkú lọ́rùn wọn, bírò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ méjì nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti òru. Mo jókòó tì wọ́n, mo gba bírò, mo ń fà á. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Bírò náà ń hàn sí òdìkejì ìwé, ó sì ń gba ojú fọ́tò kan kọjá.

Ẹ̀gbọ́n wọn kò gba owó náà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn èyí, mo sá fún ọ̀rọ̀ ńlá. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ tó gùn, tí kò wọ́pọ̀, òun ló ń kóni sí wàhálà, pé bí mo bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké tí gbogbo èèyàn mọ̀, ewu ti tán. Àṣìṣe kejì nìyẹn, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá ọlọ́dẹ kan mú kúẹ́rì wá láti ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Àlàyé rẹ̀ yé mi yékéyéké: "Lóòótọ́ ni mo kúrò. Ara mi ni kò yá, mo lọ ra oògùn. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi kí n tó lọ." Mo tẹ lẹ́tà náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "I admit that I left my post. I claim that I was ill." Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ̀ ni gbogbo wọn. Bàbá tẹ ìka, ó sanwó, ó dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló padà wá pẹ̀lú ìwé mìíràn. Wọ́n ti yọ owó oṣù kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ìwé náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé "by your own admission". Bàbá ti ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún òun. Ó na ìwé sí mi, ó ní, "Àǹtí, kí ni mo jẹ́wọ́?"

Kò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Èmi ni mo bá a jẹ́wọ́. "Admit" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi ni. "Claim" náà, nígbà tí òyìnbó bá ní ẹnì kan "claims" pé òun ṣàìsàn, bí ìgbà tí àwa bá ní "ó ní ara òun kò yá o, bó ṣe wí nìyẹn" ló rí. Ẹnu tèmi ni mo fi gbé iyèméjì sórí àìsàn bàbá náà. Bí mo bá kọ "I was ill that night", tí mo sì kọ "I told my supervisor before I left", tí mo dákẹ́ síbẹ̀, ó ti tó. Òtítọ́ kò nílò ọ̀rọ̀ kankan níwájú rẹ̀ láti fà á wọlé.

Mo bá a kọ lẹ́tà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ lò. Wọn kò dáhùn. Bàbá kò sì tún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá tíṣà kan tó ń gbé ní Gàá-Akànbí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń wá ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ náà fún wọn. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan.

"Bí Ọlọ́mù bá kú, kí lo máa sọ?"

Mo ní, "Ha, bàbá! Ọba wàjà ni."

"Bí ìyá àgbà bá kú ńkọ́?"

"Màá ní wọ́n papò dà, tàbí pé wọ́n jáde láyé."

"Adìẹ rẹ?"

"Ó kú."

"Ta ló kọ́ ọ? Ìwé wo lo ti kà á?"

Mi ò lè dárúkọ ìwé kankan. Wọ́n ní, "Etí rẹ ló kọ́ ọ. O gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́, o rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, o mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ, ojú pátákó lo ti rí i. O kò rí ẹnì kankan tó ń sọ ọ́."

Mo ronú sí èyí títí. Ní Ìlọrin níbí, ojoojúmọ́ la ń yan ọ̀rọ̀ láìmọ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i, tí ẹlòmíì ní kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i, àdúrà kan náà ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń kírun tàbí kọrin. Kéwú ló gbé àlùbáríkà wá láti inú èdè Lárúbáwá. Ìbùkún ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan, ọ̀kan kò sì lé èkejì jáde.

Bàbá tíṣà ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn, òun ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jọra tán nínú rẹ̀. Ní ọdún 1066, William láti Normandy kó ogun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣẹ́gun, ó sì jọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin àti nílé ẹjọ́. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tiwọn lọ, Látìn sì wà lẹ́nu àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé. Bí "ask" ṣe wà láti ilé nìyẹn, tí "question" bá Faransé wọlé, tí "interrogate" sì ti inú Látìn wá. Ìbéèrè ni gbogbo wọn. Ọmọ lè "ask" ìyá rẹ̀. Ọ̀gá lè "question" ọmọ iṣẹ́. Tí wọ́n bá ń "interrogate" ènìyàn, ó ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ń rántí ilé tó ti wá: èyí tó ti ilé wá máa ń dùn létí bí ọ̀rọ̀ ẹbí, èyí tó ti ilé ẹjọ́ wá ṣì wọ ẹ̀wù adájọ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo bá ń ṣiyèméjì láàárín "begin" àti "commence".

Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń ṣe rọrùn, ó kàn ń gba àkókò ni. Bí mo bá ti tẹ lẹ́tà tán, mi ò ní kà á lóyìnbó fún ẹni tó ni ín mọ́. Màá yí i padà sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, pẹ̀lú adùn àti ìkorò tó wà nínú rẹ̀, màá sì bi í: "Ṣé ohun tí ẹ ní kí n sọ nìyí?" Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó sin ìyá rẹ̀, màá ti sọ "ahun" jáde lẹ́nu, òun náà ì bá sì ti fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Oyìnbó tí mo kà fún un ni kò jẹ́ kó gbọ́.

Bí mi ò bá mọ bí mo ṣe lè yí ọ̀rọ̀ kan padà sí Yorùbá, ìyẹn ni pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò gbọ́dọ̀ lò ó. Màá kọ́kọ́ wo àwọn gbólóhùn tí dikíṣọ́nárì fi ṣe àpẹẹrẹ, kí n rí irú ẹni tó ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn. Níbi tí "notorious" bá wà, ọ̀daràn ni o máa bá nítòsí rẹ̀, tàbí ọ̀nà tí mọ́tò ti máa ń ní jàǹbá. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé olóòótọ́ kò ní jókòó síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ń dán mi wò. Nínú Microsoft Word, bí o bá tẹ Shift àti F7, á to ọ̀rọ̀ tó jọra sílẹ̀ fún ọ bí ọjà tí wọ́n pàtẹ. Mo ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n kìkì láti rántí ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Peter Mark Roget, dókítà tó gbé àkójọ irú èyí jáde ní ọdún 1852, kò kọ ìtumọ̀ sí iwájú àwọn ọ̀rọ̀ tó kó jọ. Ẹni tó ti mọ̀ wọ́n ló kó wọn jọ fún. Èyí tó wà fún irú àwa tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wa yàtọ̀ sí i. A. S. Hornby, tó kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó ṣáájú nínú ṣíṣe irú dikíṣọ́nárì bẹ́ẹ̀. Japan ni tirẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní 1942, kí Oxford tó gbé e jáde ní 1948. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni "approving" àti "disapproving" tí mo ń fò kọjá wà.

Ọgbọ́n yíyí padà sí Yorùbá yìí ní ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbára lé e jù. Ibi tí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ kan fún méjì ti Gẹ̀ẹ́sì, kò lè gbà ọ́. "Yá" ni "lend", "yá" náà ni "borrow". Ìyá kan fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ kóperétìfù, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n "borrow" òun ní owó. Mo yí i padà sí Yorùbá, kò sì sí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló rí i. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, mo kọ wọ́n sára ògiri.

Mi ò sì ní kí ẹ máa yan ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọmọ iléèwé kan tó ń háyà yàrá ní Tanke ní kí n bá òun kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù, òrùlé ń jò. "Demand" ló fẹ́ kí n lò, mo ní rárá, àgbàlagbà ni, àti pé lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyí. A lo "I would be grateful". Òjò kan kọjá, a kọ èkejì, "request" la lò. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà tí omi ti ba ìwé rẹ̀ jẹ́, mo tẹ "demand" fún un, ọkàn mi sì balẹ̀. Ọjọ́ ọ̀rọ̀ náà ti pé.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé ìsìnkú yẹn, nọ́ọ̀sì náà wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Fọ́tòkọ́pì ló bá wá. Mo rí i pé ìwé ìrántí ọdún kan màmá ni ó mú lọ́wọ́, tó fi ọwọ́ kọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Ó pẹ́ kó tó jókòó.

Nígbà tí a dé ibi owó, ó dúró. Ó ti kọ "frugal", ó sì pa á rẹ́. Mo bi í pé, "Mà, báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́ nílé?" Ó ní, "A máa ń sọ pé màmá kì í jẹun kí àwa tó yó." Mo ní ṣé kí n kọ ìyẹn. "She would not eat until we were full." Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ìwé pupa mi ní.

Mo tẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ń yí i padà sí Yorùbá fún un, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Mo dìde, mo lọ pa jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Nígbà tó kà á tán, ó dákẹ́, ó ń gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní kí n tẹ igba.